Ẹnu Oníkàn: Ìtàn Àwọn Tó Ń Fẹ́ Irú Wọn nínú Lítíréṣọ̀ àti Àṣà Telugu

  

Àwọn àgbà a máa wí pé ẹnu oníkàn ni a ti ń gbọ́ pọ̀ùn. Ìkàn lè kún agbọ̀n lọ́jà, kí tọmọdé tàgbà máa fọwọ́ tọ́ka sí i, kí wọ́n máa ròyìn bí ó ti rí àti bí kò ti rí. Ìgbà tí ẹni tó ni ín bá fi í sẹ́nu ni a ó tó mọ bí ó ti ń dún. Òwe yìí ni yóò ṣe atọ́nà fún ọ̀rọ̀ ti òní, nítorí pé ìtàn tí a fẹ́ yẹ̀ wò jẹ́ ìtàn tí gbogbo ènìyàn ti ń sọ fún ọjọ́ pípẹ́, àfi àwọn tó ni ín. Ìtàn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin bíi tirẹ̀ ni, àti ti obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin bíi tirẹ̀, àti ti ẹni tí a bí ní ọkùnrin ṣùgbọ́n tó mọ ara rẹ̀ ní obìnrin. Ibi tí a ó ti wo ìtàn náà ni ilẹ̀ àwọn tó ń sọ èdè Telugu ní gúúsù ilẹ̀ Íńdíà.

Ó yẹ kí á kọ́kọ́ mọ àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Telugu jẹ́ ọ̀kan nínú ẹbí èdè tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Dravidian. Tamil, Kannada àti Malayalam ni ọmọ ìyá rẹ̀. Nígbà tí ìjọba Íńdíà ka ènìyàn ní 2011, àwọn tó pe Telugu ní èdè abínibí wọn lé ní mílíọ̀nù 81. Ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh àti ìpínlẹ̀ Telangana ni ibùjókòó wọn; ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo ni méjèèjì títí di 2014 tí wọ́n pín wọn, tí ìlú Hyderabad sì bọ́ sọ́wọ́ Telangana. Lítíréṣọ̀ àkọsílẹ̀ wọn kì í ṣe ti àná. Láti ọ̀rúndún kọkànlá ni akéwì Nannaya ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn ogun ńlá nì, Mahabharata, di ti Telugu. Nígbà tí kò lè parí rẹ̀, Tikkana gbà á ní ọ̀rúndún kẹtàlá, Errana sì dí àlàfo tó kù ní ọ̀rúndún kẹrìnlá.

Ìwé kẹrin nínú Mahabharata ni Tikkana ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa sì ti bẹ̀rẹ̀. Nínú ìwé yìí, akọni jagunjagun Arjuna àti àwọn arákùnrin rẹ̀ gbọ́dọ̀ fara pamọ́ fún odindi ọdún kan. Arjuna rántí èpè kan tí wọ́n ti gbé e ṣẹ́, pé yóò di ẹni tí kì í ṣe ọkùnrin. Ó sọ èpè náà di ààbò: ó wọ aṣọ obìnrin, ó fi ẹ̀gbà sọ́wọ́, ó pe ara rẹ̀ ní Brihannala, ó sì di olùkọ́ ijó fún ọmọbìnrin ọba Virata. Kò sí ẹni tó fi ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ìtàn náà bí kò ṣe òpè tí kò mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀. Ní 1963, wọ́n fi ìtàn yìí ṣe sinimá Telugu tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ Nartanasala, N. T. Rama Rao ni ó sì ṣe Brihannala. Òṣèré yìí kan náà ni ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú Telugu Desam sílẹ̀ ní 1982, tí ó sì di olórí ìjọba ìpínlẹ̀ Andhra Pradesh ní 1983. Ọkùnrin tí gbogbo ìlú ti rí nínú aṣọ obìnrin lójú sinimá ni wọ́n fi ìbò gbé sórí àga. Aṣọ náà kò bu iyì rẹ̀ kù rárá.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí lórí ìtàgé. Ní abúlé Kuchipudi ní agbègbè Krishna, àwọn ọkùnrin láti inú ìran àlùfáà tí wọ́n ń pè ní Brahmin ni ó máa ń jó ijó tí a fi orúkọ abúlé náà pè láyé àtijọ́. Nígbà náà, àwọn ọkùnrin ni ó máa ń ṣe ipa ọkùnrin, àwọn ni ó sì máa ń ṣe ipa obìnrin. Èyí tó ga jù nínú ipa obìnrin ni ti Satyabhama, ìyàwó òrìṣà Krishna, arẹwà onígbèéraga tí ìfẹ́ ń dà láàmú. Ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn ará Kuchipudi sọ pé Siddhendra, tó dá eré náà sílẹ̀, mú kí àwọn ọmọkùnrin abúlé náà jẹ́jẹ̀ẹ́ pé olúkúlùkù yóò ṣe ipa Satyabhama, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan ní ìgbésí-ayé rẹ̀. Vedantam Satyanarayana Sarma, tí a bí ní 1935 tí ó sì kú ní 2012, di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nítorí ipa yìí. Ṣáájú rẹ̀ ni Sthanam Narasimha Rao, tí a bí ní 1902, ti ń ṣe ipa obìnrin nínú eré onítàn Telugu, tí ìjọba Íńdíà sì fi oyè Padma Shri dá a lọ́lá ní 1956.

Bí a bá sì kúrò lórí ìtàgé tí a bọ́ sínú orin, a ó tún bá ohun kan náà pàdé. Annamacharya ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún àti Kshetrayya ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún jẹ́ ọkùnrin. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ orin ìfẹ́ wọn ni ó jẹ́ pé ohùn obìnrin ni ó ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀, obìnrin tó ń ṣe àárò ọkùnrin. Òrìṣà ni ọkùnrin tí à ń ṣe àárò rẹ̀ náà, ọkàn olùjọsìn sì ni obìnrin tó ń kọrin.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí, ó yẹ kí onímọ̀ rọra tẹ̀. Àwọn kan a máa yára kígbe pé, "Ẹ wò ó bí! Àwọn Telugu ti ní ìtàn ìfẹ́ ọkùnrin sí ọkùnrin láti ìgbà ìwáṣẹ̀!" Kò rí bẹ́ẹ̀. Brihannala kì í ṣe ìtàn ẹni tó ń fẹ́ irú rẹ̀. Ìtàn akọni tó ń fara pamọ́ ni, tí yóò bọ́ aṣọ náà sílẹ̀ bí ọdún bá ti yí po. Oníjó Kuchipudi tó ṣe Satyabhama lálẹ́ yóò nu ojú rẹ̀ nígbà tí eré bá parí, yóò sì padà di baba àti ọkọ nínú ilé rẹ̀. Ohun tí a lè sọ láìṣì ni pé àṣà Telugu mọ̀ dájú pé ohùn obìnrin lè ti ẹnu ọkùnrin jáde, pé aṣọ kì í ṣe ara, àti pé ìfẹ́ tó lágbára kò ṣàjèjì sí ẹnu ẹ̀dá kankan. Àyè náà wà. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù àwọ̀bọ́ ni àyè náà jẹ́. Ẹni tó bá lè bọ́ ọ ni wọ́n ń yọ̀ fún.

Kí wá ni ti ẹni tí kò lè bọ́ ọ? Ìdáhùn wà nínú ìwé òfin. Ní 1871 ni àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin kan tó pàṣẹ pé kí a kọ orúkọ àwọn ìwẹ̀fà sílẹ̀ ní àwọn apá kan àríwá Íńdíà, kí a sì máa ṣọ́ wọn bí ẹni ń ṣọ́ olè. Ní 1919, ìjọba Nizam tó ń ṣàkóso Hyderabad náà gbé irú òfin yìí kalẹ̀. Òfin Hyderabad sọ pé bí wọ́n bá rí ìwẹ̀fà tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé pẹ̀lú aṣọ obìnrin tàbí ohun ọ̀ṣọ́ obìnrin lára ní ìgboro, tàbí tí ó ń jó, tí ó ń kọrin fún àwọn ènìyàn, ọlọ́pàá lè mú un láìgba ìwé àṣẹ, a sì lè fi í sẹ́wọ̀n ọdún méjì. Àwọn tí òfin náà ń pè ní ìwẹ̀fà ni àwọn tí a mọ̀ sí hijra, ìyẹn àwọn tí a bí ní ọkùnrin tí wọ́n ń gbé ayé obìnrin nínú ẹgbẹ́ tiwọn.

Ẹ jẹ́ kí á gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì sórí ìwọ̀n. Láàárín àwọn tó ń sọ èdè kan náà, ní ọ̀rúndún kan náà, ọkùnrin tó wọ aṣọ obìnrin lórí ìtàgé gba oyè. Ẹni tó wọ ọ́ ní ìgboro wẹ̀wọ̀n. Ijó ni èyí jó, ijó ni tọ̀hún náà jó. Ohun tó yà wọ́n nípá ni pé ọ̀kan ń sọ ìtàn ẹlòmíràn, èkejì ń sọ ìtàn ara rẹ̀. Òfin yìí kò sì tètè kú. Ó la ìgbà Nizam kọjá, ó la òmìnira Íńdíà ní 1947 kọjá, títí tí Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Telangana fi fagi lé e ní oṣù keje 2023, tí ó sọ pé ó ta ko ìwé òfin orílẹ̀-èdè.

Òfin kejì tí kò ṣeé fò dá ni ẹsẹ 377 nínú òfin ìwà ọ̀daràn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún Íńdíà ní 1860, èyí tó fi ẹ̀wọ̀n de ìbálòpọ̀ tí wọ́n ní ó "lòdì sí ètò ìṣẹ̀dá". Ibí ni ìtàn Telugu àti ìtàn Nàìjíríà ti fara kan ara wọn, nítorí gbólóhùn yìí kan náà ni wọ́n gbé wọ inú òfin ìwà ọ̀daràn tó di ti gbogbo Nàìjíríà ní 1916, tí ó sì wà nínú rẹ̀ títí di òní ní ẹsẹ 214. Ní Íńdíà, ilé-ẹjọ́ kan ní Delhi tú ìdè náà ní 2009, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ tún un so ní 2013, Ilé-ẹjọ́ náà fúnra rẹ̀ sì tún tú u ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án 2018. Ṣáájú ìyẹn, ní 2014, ó ti dájọ́ pé òfin gbọ́dọ̀ ka àwọn hijra àti irú wọn sí ènìyàn tó lè sọ ohun tí wọ́n jẹ́ fúnra wọn. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi í léèrè ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ní 2023, ó ní àwọn aṣòfin ni ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe àwọn adájọ́.

Àwọn kan lè bi í pé, kí ló kan lítíréṣọ̀ nínú òfin? Ó kàn án púpọ̀, nítorí pé ìwé pẹ̀lú máa ń jìyà lọ́wọ́ òfin. Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, obìnrin kan tó ń jẹ́ Muddupalani, òṣèré àti akéwì ààfin Thanjavur, kọ ewì gígùn kan ní èdè Telugu tí ó pè ní Radhika Santvanam. Nínú rẹ̀, obìnrin sọ ohun tí ara rẹ̀ ń fẹ́ láìfi bò. Ní 1910, olórin Bangalore Nagarathnamma tún ewì náà tẹ̀ ní odidi, nítorí ó rí i pé wọ́n ti yọ àwọn apá kan kúrò nínú èyí tó wà níta. Ní 1911 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde pé ìwé rádaràda ni, tí wọ́n sì kó o nílẹ̀. 1947 ni wọ́n tó yọ ọwọ́ òfin kúrò lórí rẹ̀. Ìfẹ́ obìnrin sí ọkùnrin ni ó wà nínú ìwé náà, síbẹ̀ ó ṣe ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ju pé ẹni tó ni ara ni ó sọ̀rọ̀ nípa ara. Bí a bá ṣe igi tútù bẹ́ẹ̀, báwo ni ti igi gbígbẹ yóò ti rí?

Ó kù kí á wo èdè fúnra rẹ̀, nítorí inú èdè ni ìtàn ń gbé. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ìwé ìròyìn Telugu ń lò fún ohun tí à ń sọ yìí ni swalinga samparkam. Swa ni "ti ara ẹni"; linga ni "akọ tàbí abo"; samparkam ni "ìfarakanra" tàbí "ìdàpọ̀". A rí i pé ọ̀rọ̀ náà dárúkọ ara, kò dárúkọ ọkàn. Prema ni Telugu ń pe ìfẹ́, prema sì ni wọ́n ń lò fún ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin tí ojú wọn pàdé lójú sinimá. Kò sí ẹni tí yóò ṣe àpèjúwe ọkọ àti ìyàwó pé "àwọn tó ń fara kanra" ni wọ́n. Ọmọdé tó bá wá ara rẹ̀ lọ sínú ìwé atúmọ̀-èdè, tí ó bá ìṣe ibùsùn nìkan níbẹ̀ tí kò bá ìfẹ́, báwo ni yóò ti kọ lẹ́tà ìfẹ́? Àwọn Yorùbá pàápàá kò lè fi Telugu rẹ́rìn-ín nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú orúkọ tí a ń gbọ́ ní ìgboro tiwa náà, ìṣe ni ó dárúkọ, èébú ni wọ́n sì fi ń bú ènìyàn.

Gírámà Telugu tún ní ẹ̀kọ́ kan tó jinlẹ̀ ju èyí lọ. Nínú Yorùbá, a ó wí pé "ó wá", yálà ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Telugu kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí ọkùnrin bá wá, vachchaadu ni. Bí obìnrin bá wá, vachchindi ni. Vachchindi yìí kan náà ni a ń lò fún ewúrẹ́ àti fún ọkọ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ hijra kan lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan: kí ó pè é ní ọkùnrin tí òun alára sọ pé òun kì í ṣe, tàbí kí ó pè é ní obìnrin. Gírámà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì wà tí ìdè yìí fi ń tú. Ọ̀nà kìíní ni arọ́pò-orúkọ ẹni kìíní. Bí ọkùnrin bá ní òun wá, nenu vachchaanu ni yóò wí. Bí obìnrin bá ní òun wá, nenu vachchaanu náà ni. Ọ̀nà kejì ni ọ̀wọ̀. Bí Yorùbá ti ń sọ pé "wọ́n wá" fún àgbàlagbà kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni Telugu ń lo vachchaaru fún ẹni tí a bọ̀wọ̀ fún, vachchaaru kò sì ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin. Èyí ni pé, nínú èdè Telugu, ẹni tó ń sọ ìtàn ara rẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè náà, ẹni tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tí ẹlòmíràn bá ń sọ̀rọ̀ ẹni láìsí ọ̀wọ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀-ìṣe fi ń di ìdájọ́. Ohun tí òwe oníkàn sọ fún wa níbẹ̀rẹ̀, gírámà Telugu ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Ní ọ̀rúndún ogún, àwọn òǹkọ̀wé tó la ọ̀nà fún ìtàn yìí kì í ṣe àwọn tó ni ín. Ní 1927, Chalam kọ ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, Maidanam, nínú èyí tí Rajeswari, ìyàwó ilé láti ìran Brahmin, fi ọkọ sílẹ̀ tẹ̀lé Ameer, ọkùnrin Mùsùlùmí. Èébú tí Chalam jẹ kò kéré. Síbẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ, kò tún ṣeé sọ pé lítíréṣọ̀ Telugu kò gbọdọ̀ dárúkọ ohun tí ọkàn ń fẹ́. Àwọn obìnrin tó tẹ̀lé e ní àwọn ọdún 1980 gba kálàmù lọ́wọ́ ọkùnrin. Volga ni ó ṣáájú nínú wọn. Ìwé rẹ̀ Vimukta gba ẹ̀bùn Sahitya Akademi ní 2015. Nínú rẹ̀, Sita pàdé àwọn obìnrin tí ìtàn àtijọ́ ti pa lẹ́nu mọ́, ó sì kọ́gbọ́n lọ́dọ̀ wọn. Ìfẹ́ obìnrin sí obìnrin kọ́ ni ìwé náà ń sọ. Àmọ́ ó fi hàn pé obìnrin lè rí ìtura ayé rẹ̀ lọ́wọ́ obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Bákan náà ni àwọn Dalit, tí ètò ìran ilẹ̀ Íńdíà ti tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, dìde láti kọ ìtàn ara wọn, wọ́n sì fi yé gbogbo ayé pé àánú olówó kò lè rọ́pò ohùn tálákà.

Sinimá ni ó pẹ́ jù lẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni ó ń dé ọ̀dọ̀ ènìyàn jù. Fún ọjọ́ gbọọrọ, ọkùnrin tó ń ṣe bí obìnrin nínú sinimá Telugu kò ju ẹni à ń fi rẹ́rìn-ín lọ: yóò wọlé, yóò ju ọwọ́, yóò ju ìdí, wọn yóò gbá a létí, àwọn òǹwòran yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì jáde. Ní 2011, sinimá Kanchana, tí wọ́n ṣe ní Tamil tí ó sì jáde ní Telugu pẹ̀lú, gbé ẹni tí a bí ní ọkùnrin tó ń gbé ayé obìnrin kalẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ènìyàn tó lọ́lá, tó lọ́gbọ́n, tí àwọn òṣìkà pa. Àwọn ènìyàn sunkún fún un. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á kíyè sí i: lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni a tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀, ara ọkùnrin mìíràn ni iwin rẹ̀ sì gùn kí ó tó lè jà. Ní 2018, sinimá Awe fi obìnrin kan hàn tó mú àwọn òbí rẹ̀ lọ wo ẹni tí ó fẹ́ bá gbé ayé, tí ẹni náà sì jẹ́ obìnrin. Kò sí yẹ̀yẹ́ níbẹ̀, ìfẹ́ gidi ni. Síbẹ̀, nígbà tí eré náà parí, ó hàn pé inú ọkàn obìnrin kan tí ayé ti fi ìyà jẹ ni gbogbo àwọn ẹ̀dá ìtàn náà wà. Wọn kò sí níta. Ní 2022 ẹ̀wẹ̀, Ram Gopal Varma ṣe Maa Ishtam, ìtàn obìnrin méjì tó ń fẹ́ra nínú ìwà ọ̀daràn. Àwọn ilé sinimá ńláńlá kan kọ̀ láti gbé e. Iwin, àlá, ọ̀daràn: ìwọ̀nyí ni àwọn ilẹ̀kùn tí sinimá ṣí. Ó sàn ju ẹ̀sín lọ, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo wọn.

Níbo wá ni a ti gbọ́ pọ̀ùn? Lọ́nà tó yani lẹ́nu, ohùn àkọ́kọ́ tó ró kíkankíkan wá láti èdè aládùúgbò. A. Revathi, hijra láti ilẹ̀ Tamil, kọ ìtàn ìgbésí-ayé ara rẹ̀, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 2010. Ó sọ bí wọ́n ti lù ú nílé, bí ó ti sá lọ bá àwọn hijra, bí àwọn ìyẹn ti gbà á bí ìyá ti í gba ọmọ, ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́wọ́ àwọn ọlọ́pàá àti àwọn jàgídíjàgan, àti bí ó ti di ẹni tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. P. Sathyavathi, òǹkọ̀wé ìtàn kúkurú tí àwọn Telugu bọ̀wọ̀ fún, túmọ̀ ìwé náà sí Oka Hijra Atmakatha, èyí tó jẹ́ "Ìtàn Ìgbésí-ayé Hijra Kan". Ní 2019, Sahitya Akademi fi ẹ̀bùn ìtumọ̀ dá a lọ́lá nítorí rẹ̀. Nenu ni ó ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà dé òpin. Ẹni tó ń kà á ní Guntur tàbí ní Warangal kò ní àyè láti yan vachchaadu tàbí vachchindi. Àfi kí ó dákẹ́, kí ó gbọ́.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ ilẹ̀ fúnra wọn là ẹnu. Ní 2013, àwọn tó ń fẹ́ irú wọn rìn ní gbangba ìgboro Hyderabad fún ìgbà àkọ́kọ́, pẹ̀lú ìlù àti àsíá. Ní 2017, Rachana Mudraboyina àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí wọ́n pè ní TransVision lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nínú èyí tí àwọn obìnrin tí a bí ní ọkùnrin ń fi Telugu, Urdu àti Kannada dáhùn àwọn ìbéèrè tí àwọn ènìyàn ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ohùn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti ti obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin kò tíì ró tó bẹ́ẹ̀ nínú ìwé Telugu. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó mọ̀wé ni èdè Gẹ̀ẹ́sì rọ̀ lọ́rùn láti fi sọ ọ́, nítorí ìyá àti bàbá àgbà kì í ka Gẹ̀ẹ́sì. Èdè tí kò lè gbọ́ àṣírí ọmọ rẹ̀, ọmọ náà yóò fi í sílẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ èdè mìíràn. Àdánù èdè ni èyí, kì í ṣe ti ọmọ nìkan.

Ìbéèrè méjì ni a kò gbọdọ̀ sá fún. Àwọn kan ń wí pé àjèjì ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, pé ọkọ̀ òkun ni ó gbé e dé. Ohun tí àkọsílẹ̀ fi hàn ni pé òfin tó ń fìyà jẹni ni ó bá ọkọ̀ òkun dé ní 1860, a sì mọ ọdún tó gúnlẹ̀. Àmọ́ Brihannala ti ń kọ́ ọmọ ọba níjó nínú ewì Telugu ní bí 600 ọdún ṣáájú rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀sìn tàbí ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ kò gba irú ìfẹ́ yìí lè dúró lórí ohun tí ó gbàgbọ́, ṣùgbọ́n kò lè fi ìtàn ṣe ẹlẹ́rìí rẹ̀.

Ìbéèrè kejì ni pé, ṣé ẹni tó ni ìtàn nìkan ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ ọ́? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, orin Kshetrayya yóò di ẹ̀ṣẹ̀, lítíréṣọ̀ yóò sì kú, nítorí wíwọ inú bàtà ẹlòmíràn ni iṣẹ́ rẹ̀. Sathyavathi kì í ṣe hijra. Bí kò bá yá Revathi ní ẹnu, Telugu kì bá tí gbọ́ ọ. Àléébù kò sí nínú pé ẹlòmíràn sọ ìtàn ẹni. Ibi tí àléébù wà ni ibi tí sísọ tirẹ̀ ti di dídí ẹni náà lẹ́nu.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún lámèyítọ́ kò mọ sí ilẹ̀ Telugu. Bí a bá gbé ìwé, eré tàbí sinimá kan síwájú, tí ẹ̀dá kan sì wà nínú rẹ̀ tí ayé ń fi ṣẹ̀sín, ìbéèrè mẹ́ta ni kí á bi í. Ta ni ó ń sọ̀rọ̀: "èmi" ni, tàbí "ó"? Ta ni ó ń rẹ́rìn-ín, ta ni wọ́n sì ń rín? Nígbà tí ìtàn bá parí, ṣé ẹ̀dá náà ṣì wà láàyè lójú ọ̀nà gbangba, àbí ó ti di iwin, ó ti di àlá, tàbí ó ti bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ padà fún onítàgé? Ẹni tó bá bi ìtàn ní ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí kò ní ṣòro fún un láti mọ ìtàn tó gbọ́ ènìyàn yàtọ̀ sí èyí tó kàn wo ènìyàn.

Ìkàn pọ̀ lọ́jà Hyderabad, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ròyìn rẹ̀. Oníkàn ti fi í sẹ́nu nísinsìnyí. Ẹni tó bá létí, kí ó gbọ́.